Ọkùnrin Tí Kò Gbá Bọ́ọ̀lù Sáwọ̀n Rí

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Qúdrát bá Táòfíkì sọ, èébú ni. Oṣù keje ọdún 1996 ni, ọ̀sán Sunday kan tí ooru mú gan-an. Qúdrát páàkì mọ́tò rẹ̀ sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù kan ní Greenbelt, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ó ń jẹ ìrẹsì tó gbé wá láti ilé, ni bọ́ọ̀lù bá fò kọjá wáyà, ó bà lé gíláàsì iwájú mọ́tò náà, gíláàsì sì là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Qúdrát sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ṣíbí lọ́wọ́, ó bèèrè olórí burúkú tó ni irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọkùnrin orí pápá ń wo ojú ara wọn. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn, àwọn ará Brazil tó ń kan òrùlé káàkiri Langley Park náà sì wà níbẹ̀. Ẹnì kan ní afẹ́fẹ́ ló gbé bọ́ọ̀lù náà. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún Qúdrát pé obìnrin tó rẹwà tó báyìí kò yẹ kó máa bínú. Ọkùnrin gíga kan ló gba àárín wọn jáde.

"Èmi ni mo gbá a," ó ní. "Mo fẹ́ kó kúrò lójú ilé wa lórí pápá ni, mo wá gbá a jù. Mo máa tún un ṣe."

"Nígbà wo?"

"Mi ò tíì mọ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á."

Qúdrát ti múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó máa ti mú irú ọ̀rọ̀ yìí jà. Ní ọjọ́ kẹta, Táòfíkì dé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ará Brazil tó ń jẹ́ Nivaldo. Wọ́n gbé gíláàsì tuntun dání, àwọn méjèèjì sì fi ọwọ́ ara wọn dè é. Ó bèèrè bóyá omi ń wọlé. Kò wọlé. Ó ní ó dàbọ̀.

Ó yẹ kí èèyàn mọ irú ẹni tí Qúdrát jẹ́. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, bọ́ọ̀sì iléèwé ló ń wà, bọ́ọ̀sì ńlá aláwọ̀ ìyeyè tó ń kó ọmọ àádọ́ta láti Landover. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ló ń gbé ní Lanham. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà, ọkùnrin kan ní Baltimore pè é ní ìmọ́lẹ̀ ojú òun fún ọdún méjì gbáko, kó tó wá hàn pé ọkùnrin náà ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ní Lagos. Láti ìgbà náà, bí ọkùnrin kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yin eyín rẹ̀, aago ọwọ́ rẹ̀ ni Qúdrát máa ń wò.

Táòfíkì kò yin eyín ẹnikẹ́ni. Ó sọ fún un pé ọmọ Ìbàdàn ni òun, pé adẹ̀yìnmú ni òun lórí pápá, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, pé òun wá sí Amẹ́ríkà kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan lè dán òun wò, pé wọ́n dán òun wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò sì mú òun. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó máa ń wá bá Qúdrát ní Sunday lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, wọ́n á jókòó sínú mọ́tò, wọ́n á jẹun. Nígbà míì wọn kì í sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Qúdrát a dé ilé, a bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ náà rò: ṣé ọkùnrin tí kì í sọ pé òun fẹ́ràn èèyàn fẹ́ràn èèyàn ṣá? Àbí òun ni òun ń tan ara òun jẹ lẹ́ẹ̀kejì, tó jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ń tan òun lọ́tẹ̀ yìí?

Ní oṣù kọkànlá, Táòfíkì sọ pé òun ń lọ sí Brazil. Ẹ̀gbọ́n Nivaldo ni kóòṣì ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Serra Mansa, ní ìpínlẹ̀ Bahia. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní ìdíje tirẹ̀, tó ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní tó sì ń parí lóṣù kẹfà. Ẹgbẹ́ méjìlá ló wà nínú ti Bahia. Méjì tó bá gbẹ̀yìn, ìsọ̀rí kejì ni wọ́n ń já wọn sí.

"Wọ́n dáa?" Qúdrát bèèrè.

"Wọn ò dáa. Ìdí tí wọ́n fi ń wá ẹni tó máa ṣọ́ ẹ̀yìn nìyẹn." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, Qúdrát. Tí mo bá padà dé lóṣù kẹfà. Mi ò sì fẹ́ lọ kí bàbá ẹ má mọ̀ pé mo wà."

Qúdrát dáhùn pé òun kì í dúró de ọkùnrin. Ó wá ní aago mọ́kànlá àárọ̀ Monday ni àyè máa ń wà fún òun láàárín ìgbà tí òun bá kó àwọn ọmọ lọ àti ìgbà tí òun máa kó wọn bọ̀, pé fóònù kan wà lára ògiri ní gáréèjì, pé òun lè fi káàdì ìpè pè é láti ibẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. Táòfíkì gbọ́ ọ yé.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé bàbá ọmọ. Àwọn ẹbí Táòfíkì wà ní Ìbàdàn, kò ní ẹnì kan níbí. Ẹni tí gbogbo èèyàn ń rán nírú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni Wúlẹ̀mọ̀tù, obìnrin kan tó ń dirun nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ ní Landover. Mọ́kànlá ni ìgbéyàwó tó ti ṣe alárinà wọn, ó sì lè dárúkọ gbogbo wọn. Táòfíkì sọ ohun gbogbo fún un bó ṣe rí, ó dúpẹ́, ó sì lọ sí Brazil lóṣù kejìlá.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kìíní, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Wúlẹ̀mọ̀tù jókòó ní pálọ̀ Alhaji Raheem, bàbá Qúdrát. Tasín ni Alhaji ń wà. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ, ó sì ti ń bínú sí Qúdrát láti ìgbà tó ti kọ Sufyan, akáǹtáǹtì tó ní ilé ńlá ní Accokeek. Qúdrát wà ní kíṣìnì pẹ̀lú Alimat, ìyá rẹ̀, ó gbé tíréè málítà dání, ó ń gbọ́.

Wúlẹ̀mọ̀tù kọ́kọ́ ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà Alhaji. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wá tú ẹnu sílẹ̀.

"Alhaji, ọmọ tí mo ń sọ yìí, balógun ikọ̀ ẹ̀ ni. Bọ́ọ̀lù tó bá ti kan ẹsẹ̀ ẹ̀, inú àwọ̀n ló ń lọ. Ẹgbẹ́ ńlá ni wọ́n, wọ́n mọ̀ wọ́n káàkiri Brazil. Ife ẹ̀yẹ ọdún yìí, wọ́n ti ń nu ibi tí wọ́n máa gbé e sí."

Ẹsẹ̀ bíi mẹ́rin ló wà láàárín Qúdrát àti pálọ̀. Ó mọ̀ pé kò sí òótọ́ kan nínú gbogbo ohun tó gbọ́. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, nítorí gbogbo ayé rẹ̀ ló ti fi ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àwọn tó ń parọ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá tí kò bá a rẹ́rìn-ín láti oṣù mẹ́fà ń bèèrè iye gólì tí ọmọ náà ti gbá, ó ń pe Alimat kó wá gbọ́. Qúdrát dúró sí ibi tó wà títí málítà fi di gbígbóná. Nígbà tó wọ pálọ̀, ó gbé tíréè kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Alhaji Raheem kò lè pa á mọ́ra. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo mọ́sáláásí wọn ti mọ̀ pé balógun kan ní Brazil ló fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Bàbá Balógun, ó sì ń dáhùn.

Ìdíje bẹ̀rẹ̀ nínú ààwẹ̀ Ramadan. Ní Monday àkọ́kọ́, Qúdrát fi káàdì pe ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà, obìnrin kan sọ èdè tí kò yé e, lẹ́yìn náà ni Táòfíkì gbé fóònù.

"Wọ́n nà wá. Mẹ́rin sí òdo. Mi ò gbá."

"Kí ló dé?"

"Kóòṣì ní kí n jẹun kí n wá gbá. Mo ní màá gbá tààwẹ̀-tààwẹ̀. Ó ní òun ò ní sin ẹnikẹ́ni sórí pápá òun, oòrùn ibí ń pa màlúù. Mo ní ó dáa, mo padà lọ jókòó."

Qúdrát bi í bóyá ó dùn ún. Ó ní ó dùn òun gan-an. Ó ní òun jókòó, òun sì ń wo àwọn àlàfo tí wọ́n ń gbà wọlé, gbogbo rẹ̀ ni òun ì bá dí. Lẹ́yìn náà káàdì parí. Qúdrát padà sínú bọ́ọ̀sì òfìfo, ó jókòó sórí àga awakọ̀, inú rẹ̀ sì wú débi pé ó ń bínú sí ara rẹ̀. Ọkùnrin tó rìn jìnnà tó báyìí torí bọ́ọ̀lù, tó wá jókòó torí Ọlọ́run, tí kò sì fi ṣe fáàrí. Bí òun ò bá bi í, bóyá kò ní sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà nídìí ìṣínu, Alhaji bèèrè iye tí balógun gbá wọlé. Qúdrát ní ìdíje ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n nà wọ́n kí ọdún ìtúnu tó dé. Ìgbà tí Táòfíkì wá wọlé, nǹkan yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù kò ní rí i. Òdo sí òdo. Òdo sí òdo. Wọ́n jẹ ọ̀kan, wọ́n pàdánù. Òdo sí òdo. Qúdrát ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí wọ́n kọ ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì rẹ̀ sí. Jessica, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń wa bọ́ọ̀sì, máa ń bi í ní gbogbo Monday bóyá àwọn èèyàn rẹ̀ ti rí ọ̀kan gbá wọlé.

"Kò sí ẹni tó gbá ọ̀kan wọlé wọn náà," Qúdrát á dá a lóhùn.

Jessica ní òun ò rí irú ìfẹ́ báyìí rí, tó jẹ́ òdo ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ní ilé, bàbá ń bèèrè, Qúdrát sì ń yí i po. Wọ́n ń gbìyànjú, Bàámi. Nǹkan le díẹ̀, Bàámi. Ní oṣù kẹta, ó gbọ́ ara rẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ ń dun Táòfíkì, ìdí nìyẹn tí kò fi tíì gbá gólì. Ó wọ yàrá lọ, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì rántí ọkùnrin Baltimore. Bí ìyẹn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kọ́ nìyí? Díẹ̀díẹ̀, torí kò fẹ́ kí ẹnì kan bínú?

Ní àárín oṣù kẹrin, Alhaji gbé ará Brazil kan nínú tasín rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ òfuurufú. Ọmọ Bahia ni, wọ́n máa ń fi ìwé ìròyìn ìlú rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Alhaji sọ fún un pẹ̀lú àyà gbígbé sókè pé ọkọ ọmọ òun ni balógun Serra Mansa. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó padà dé láti ìrìnàjò, ó mú ìwé ìròyìn kan fún un.

Qúdrát ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá bàbá rẹ̀ nídìí tábìlì ìjẹun pẹ̀lú Alimat. Alhaji tẹ́ ìwé ìròyìn náà sílẹ̀, ó fi ìka lé àtẹ ipò àwọn ẹgbẹ́ méjìlá.

"Kà á fún mi. Ta ló wà nísàlẹ̀ pátápátá?"

"Serra Mansa ni, Bàámi."

"Àwọn tó ń gbá gólì rèé. Mo ti kà á látòkè délẹ̀. Kò sí orúkọ ẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Wọ́n ń pè mí ní Bàbá Balógun, Qúdrát. Àgbà bíi tèmi. Ọmọ tí kò tíì wọlé mi, tó ti ń parọ́ fún mi látòde. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti parí. Àwọn ará ilé Sufyan ń bọ̀ ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù karùn-ún."

Alimat ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Alhaji dìde, ó wọ bàtà, ó jáde lọ síbi iṣẹ́.

Ní Monday, Qúdrát sọ gbogbo rẹ̀ fún Táòfíkì lórí fóònù, láti orí balógun dé orí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Táòfíkì gbọ́ nìyẹn.

"Ìgbà tí Àǹtí Wúlẹ̀ ń sọ ọ́, níbo lo wà?"

"Mo wà ní kíṣìnì."

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"O dákẹ́. Gbogbo èèyàn ló lè sọ pé mi ò tó. Àwọn tó dán mi wò sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn, mo sì lọ. Ìwọ ni mo rò pé mo tó fún bí mo ṣe wà. Ẹlòmíì ni wọ́n tọrọ ẹ fún lọ́wọ́ bàbá ẹ, Qúdrát. Kì í ṣe èmi."

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Ní Monday kejì, obìnrin ọ́fíìsì ní kò sí níbẹ̀. Ní Monday kẹta, bákan náà. Qúdrát gbọ́ bọ́ọ̀lù tó ń lu ilẹ̀ lẹ́yìn ohùn obìnrin náà, ó sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ó kọ́kọ́ gbé ìbínú rẹ̀ lọ bá Wúlẹ̀mọ̀tù. Wúlẹ̀mọ̀tù ń dirun fún oníbàárà kan, kò tiẹ̀ gbé ojú sókè.

"Ṣé kí n wá sọ fún Alhaji pé mo mú ẹni tó gbẹ̀yìn wá ni? Mọ́kànlá ni mo ti so pọ̀. Felicia tó wà ní Bowie, dókítà ni mo pe ọkọ ẹ̀. Fíríìjì ló ń wò sàn. Wọ́n ti bí mẹ́rin."

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ náà ò bá a lára mu."

"Ọ̀rọ̀ dídùn kì í bá yín lára mu, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ bá ara yín mu." Ó fa irun oníbàárà rẹ̀. "Àmọ́ má wulẹ̀ dá mi lẹ́bi nìkan. Èmi ni mo sọ ọ́. Ta ló gbé málítà wá?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ ọ́ lára. Qúdrát wakọ̀ lọ sílé, ó bá bàbá rẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó kúnlẹ̀. Ó sọ fún un pé Táòfíkì kò parọ́ kankan, pé Wúlẹ̀mọ̀tù ló fi iyọ̀ sí i, pé òun wà ní kíṣìnì, òun sì gbọ́. Òun dákẹ́ nítorí pé ó pẹ́ tí òun ti rí ẹ̀rín bàbá òun. Ẹsẹ̀ ò dun ẹnikẹ́ni, òun ni òun hùmọ̀ ẹ̀. Adẹ̀yìnmú ni Táòfíkì. Kò gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n rí láyé rẹ̀.

Alhaji Raheem wò ó títí. Ó ní, "Ìwọ? Ìwọ tí o máa ń já mi nírọ́ lójú àlejò?" Ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá a sọ̀rọ̀, àfi kó dáhùn ìkíni. Qúdrát rò pé ó ti tán. Ó kọ lẹ́tà sí Brazil, ìlà mẹ́rin péré: pé òun ti sọ fún bàbá òun, pé ẹnu òun ni òun fi sọ ọ́, pé inú bàbá òun kò dùn, pé òun kò ní dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ títí ayé.

Àárọ̀ Sátidé ni bàbá rẹ̀ pè é. Ìwé ìròyìn bíi mẹ́jọ ló wà lórí tábìlì. Ó ti padà lọ bá ará Bahia náà, ó gba gbogbo ti àtẹ̀yìnwá. Ó wọ jígí ìkàwé rẹ̀, ó ní pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí.

"Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbá?"

Qúdrát sọ fún un: lẹ́yìn ọdún ìtúnu. Bàbá bèèrè ohun tó fà á tí kò fi gbá ṣáájú. Qúdrát sọ ìyẹn náà. Alhaji yọ jígí, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Wá wò ó. Mẹ́rin àkọ́kọ́ yìí, tí kò sí níbẹ̀, mọ́kànlá ni wọ́n jẹ. Mẹ́sàn-án tó tẹ̀ lé e, márùn-ún péré. Wọ́n lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ńlá inú ìlú nílé wọn, wọn ò jẹ nǹkan kan. Alimat, wá wò ó. Àwọn tó wà níwájú ni kò dáa. Àwọn ẹni ibi yẹn ò lè gbá bọ́ọ̀lù wọ inú òkun. Ẹ̀yìn yẹn, ògiri ni." Ó fi pẹ́ńsùlù kan orí tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. "Irú ẹni báyìí lẹ lọ ń pè ní olùgbá gólì fún mi. Ẹ bà á jẹ́. Òótọ́ ẹ̀ dáa ju irọ́ yín lọ."

Alimat bèèrè nípa àwọn ará ilé Sufyan. Alhaji ní kí wọ́n máa bọ̀ wá kí òun, òun fẹ́ràn àlejò, ṣùgbọ́n òun kò ní ọmọ tí òun máa fún wọn.

Ní Monday àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí lẹ́tà náà dé Brazil, Táòfíkì fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù. Kò sọ pé òun ti darí jì í. Ó ní lẹ́tà dé. Ó ní àwọn borí lánàá, ọ̀kan sí òdo, àwọn ti kúrò nísàlẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà ló bèèrè bóyá ó ti jẹun. Qúdrát di ara fóònù náà mú, ó ní òun ti jẹ.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn bọ́ sí Sunday kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Ọ̀mì tó fún Serra Mansa láti dúró. Bí wọ́n bá jẹ ọ̀kan, wọ́n já nìyẹn, Táòfíkì kò sì ní níṣẹ́ mọ́. Nivaldo ti ṣètò pẹ̀lú ìyá rẹ̀ kó gbé etí fóònù ti rédíò ní Brazil lọ́hùn-ún. Alhaji Raheem lọ sí ilé Nivaldo ní Langley Park pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ó wọ agbádá funfun bí ẹni ń lọ kí ìrun ọdún. Wọ́n jókòó yí fóònù tó ń pariwo ká. Alhaji kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí ọkùnrin rédíò ń sọ, àfi orúkọ kan ṣoṣo. Nígbàkigbà tó bá gbọ́ "Taofíki", á di orúnkún ara rẹ̀ mú, á wo Nivaldo. Nivaldo á ní ó ti gbá a jáde. Ó ti gba bọ́ọ̀lù. Ó ti fi orí kàn án.

Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu ọkùnrin rédíò mọ́. Alimat ń ka àdúrà. Qúdrát dúró nídìí fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wọn, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú òun. Nígbà tí rẹfirí fun fèrè, Nivaldo kọ́kọ́ bú sẹ́kún kó tó lè sọ̀rọ̀.

Òdo sí òdo. Ipò kẹwàá nínú méjìlá.

Alhaji Raheem, tí kò fò sókè láti ọdún pípẹ́, fò sókè. Ó ń fi agbádá gbá nǹkan dànù lórí tábìlì onítábìlì, ó ń kígbe nítorí bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni kò gbá wọlé.

Oṣù keje ni Táòfíkì dé. Wúlẹ̀mọ̀tù bá a wá, bó ti yẹ, ó jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó àti ọgbà. Alhaji jẹ́ kó sọ ìyẹn tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ní kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìyókù.

Táòfíkì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Alhaji ní kó dìde jókòó.

"Ẹ̀yìn ni mo ń gbá, sà. Wọ́n fẹ́ mi fún ọdún kan sí i. Tí ìyẹn bá tán, mi ò mọ ohun tó kàn. Ilé tí wọ́n fi mí sí, yàrá méjì ni. Mo fẹ́ Qúdrát. Tó bá fẹ́ wá, a jọ máa gbé níbẹ̀. Tó bá fẹ́ dúró ti iṣẹ́ ẹ̀, màá máa lọ màá máa bọ̀."

Wúlẹ̀mọ̀tù di ojú, bí ẹni tí nǹkan ń dùn.

Alhaji yíjú sí Qúdrát. Ó ní gbogbo èèyàn ti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí tán, àfi Qúdrát tó ni ọ̀ràn. Kí ló rí lára ọkùnrin yìí?

Qúdrát mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ dídùn nìyí. Kò ní ọ̀kan.

"Ohun tó bá ní òun máa ṣe ló ń ṣe. Ohun tí kò bá mọ̀, á ní òun ò mọ̀. Mo fẹ́ ẹ, Bàámi. Mo fẹ́ bá a lọ."

Ó wo Táòfíkì. Táòfíkì wò ó padà, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí Qúdrát kò tíì rí lójú rẹ̀ láti oṣù kejìlá.

"Alimat," Alhaji ní, "pe Ìbàdàn. Sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n lọ kí àwọn òbí ẹ̀. Kí wọ́n lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí."

Wọ́n jẹun. Nígbà tí Táòfíkì ń lọ, Alhaji Raheem bá a jáde. Bàbá ìyàwó kì í sin ẹni tó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ sọ́nà, ṣùgbọ́n ó bá a jáde láìwọ bàtà, títí dé orí koríko iwájú ilé. Qúdrát dúró nídìí fèrèsé pálọ̀, ó ń wò wọ́n. Bàbá rẹ̀ ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ fa ìlà sórí koríko. Ó nawọ́ síbí, ó nawọ́ sọ́hùn-ún, ó ń bèèrè nǹkan. Táòfíkì bọ́ kóòtù rẹ̀, ó gbé e kọ́ ẹ̀ka igi. Ó kẹ̀yìn sí ilé náà, ó dúró sórí ìlà, ó ya ẹsẹ̀ méjèèjì, ó na apá, ó ń fi ibi tí òun dúró sí ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn han bàbá náà. Àwọn aládùúgbò méjì tó ń rìn kọjá dúró wò ó. Alhaji nawọ́ sí i, ó ń ṣàlàyé fún wọn.

Alimat dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lóde.

"Ọkọ mi ló ń ṣọ́ ilé," Qúdrát ní, kò sì kúrò nídìí fèrèsé náà.